Òjò Òde, Omi Inú: Ọkọ̀ Ilé àti Ajá Létíkun Oregon

Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ ilé rin etíkun Oregon lásìkò òjò, òjò gan-an kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Òrùlé ọkọ̀ ti wà fún ìyẹn. Omi tó ń da èèyàn láàmú ni èyí tó ti wọlé: omi ara kóòtù, ooru tó ń jáde lójú ìkòkò ọbẹ̀, èémí àwọn tó sùn mọ́jú, àti èyí tí ajá fi irun rẹ̀ gbé bọ̀ láti etí òkun. Ẹ wá kó gbogbo rẹ̀ sínú yàrá kan tí kò fẹ̀ ju pálọ̀ kékeré lọ, tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí òtútù, fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin tí oòrùn ò yọ. Iṣẹ́ tó wà nínú ìrìnàjò yìí ni bí ẹ ó ṣe máa lé omi náà jáde lójoojúmọ́. Ìyókù kò ju ọkọ̀ wíwà lọ.

Oregon wà ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, láàárín Washington àti Kalifọ́níà, ojú Òkun Pàsífíìkì ló sì kọ sí. Etíkun rẹ̀ gùn tó máìlì 363. Ọ̀nà márosẹ̀ 101 ló ń bá a lọ, láti Astoria ní àríwá títí dé Brookings ní gúúsù, nígbà mìíràn ní etí omi gan-an, nígbà mìíràn láàárín igbó. Ọkọ̀ ilé tí mò ń sọ ni èyí tí ibùsùn, ibi ìdáná, balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí àga awakọ̀ sì wà níwájú ilé kan náà. RV ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún.

Atẹ́gùn tó ti gbá ojú òkun bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ló ń kọlu àwọn òkè tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun yìí. Bó ṣe ń gun òkè ló ń tutù, bó sì ṣe ń tutù ni omi inú rẹ̀ ń di òjò. Astoria a máa gba òjò tó tó ínṣì 67 lọ́dún. Òjò Èkó náà kò jìnnà sí i, àmọ́ ìwà wọn yàtọ̀ pátápátá. Ti Èkó a máa fi ìbínú rọ̀, a da ìgboro rú fún wákàtí méjì, oòrùn a yọ, aṣọ a sì gbẹ lórí okùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ti Oregon a máa ṣẹ́ winniwinni láti òwúrọ̀ dé alẹ́, a dáwọ́ dúró díẹ̀ kí kùrukùru lè gba ipò rẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Ọ̀wàrà títí wọ oṣù Igbe ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lè rìn nínú rẹ̀ láìsí agbòjò, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan tó máa gbẹ.

Kí wá ni ajá ń wá níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ òfin ni. Lọ́dún 1913, lábẹ́ Gómìnà Oswald West, ìpínlẹ̀ náà kéde iyanrìn etí omi, títí dé ibi tí òkun ń kún dé, ní ọ̀nà ìjọba tí ẹnikẹ́ni lè gbà kọjá. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, nítorí orí iyanrìn ni àwọn èèyàn ń gbà lọ láti ìlú dé ìlú nígbà náà. Nígbà tó yá, láàárín àwọn ọdún 1960, ilé ìtura kan ní Cannon Beach ṣọgbà yí iyanrìn gbígbẹ iwájú rẹ̀ ká, ó ní àwọn oníbàárà òun nìkan ló ni ín. Awuyewuye tó tẹ̀ lé e ló bí òfin ọdún 1967, tí Gómìnà Tom McCall fọwọ́ sí, tó fún gbogbo ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti lo iyanrìn gbígbẹ náà títí dé ibi tí koríko ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti san owó ẹnu ọ̀nà rí kó tó lè fojú kan òkun ní Lẹ́kí yóò mọ iyì òfin yẹn. Nígbà òjò, tí àwọn arìnrìn-àjò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá ti lọ, ajá kan lè sáré títí láìpàdé ẹnì kankan.

Ní àyè tí ọkọ̀ ń sùn sí nínú àwọn ọgbà ìpínlẹ̀, okùn ọrùn ajá kò gbọdọ̀ gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Lórí iyanrìn, ẹ lè tú u sílẹ̀ bó bá ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, tí okùn sì wà lọ́wọ́ yín. Èmi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ìjì bá ń jà. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ní Oregon, ajá tí kò ní i lọ́kàn láti sọnù rárá náà lè má gbọ́ fèrè, torí ariwo ìgbì ti bò ó mọ́lẹ̀. Okùn gígùn tó máa jẹ́ kó sá síwá sá sẹ́yìn, tí ìdí rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín, ló dára jù.

Ìdí mìíràn ni ìgbì kan tí wọ́n ń pè ní sneaker wave. Òkun lè rọra máa lọ, máa bọ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí ogún, gbogbo ìgbì á máa kú síbì kan náà, ọkàn èèyàn á sì balẹ̀. Ìgbì kan á wá dìde láìròtẹ́lẹ̀, á ré kọjá gbogbo ibi tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ dé, á sì gun iyanrìn lọ dé ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Omi rẹ̀ tutù, iyanrìn tó gbé sì máa ń wọ inú aṣọ, á sọ ọ́ di ẹrù. Ohun tó tún burú síbẹ̀ ni àwọn ìtì igi tí odò gbé wá sí òkun, tí òkun sì dà sórí iyanrìn. Wọ́n rí bí ohun tí kò lè mì, bẹ́ẹ̀ omi tí kò ju kókósẹ̀ lọ lè yí wọn, ẹni tàbí ajá tó bá wà lábẹ́ wọn kò ní rí ọ̀nà àbáyọ. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ajá gun ìtì igi, ẹ má kọ ẹ̀yìn sí òkun, ẹ sì wo àkókò tí òkun máa kún àti èyí tó máa fà kí ẹ tó kúrò nínú ọkọ̀. Bí ìgbì bá wá gbé ajá lọ, ẹ má wọ omi tọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ó ṣòroó gbọ́. Ajá sábà máa ń rí ọ̀nà jáde fúnra rẹ̀. Ẹni tó bẹ́ wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ló máa ń há síbẹ̀.

Àwọn apá kan wà tí ajá kò gbọdọ̀ tẹ̀ rárá láti ọjọ́ 15 oṣù Ẹrẹ́nà sí ọjọ́ 15 oṣù Ọwẹ́wẹ̀, kódà bó wà lókùn. Ẹyẹ kékeré kan tó ń jẹ́ snowy plover ló ń yé sórí iyanrìn lásán níbẹ̀. Bó bá rí ajá, á fò kúrò lórí ẹyin rẹ̀, atẹ́gùn á sì gbá iyanrìn bò wọ́n. Láti ọdún 1993 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń dáàbò bò ó. Pátákó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà irú àwọn ibẹ̀. Ẹ kà á.

Omi ìmu ajá, ẹ gbé e dání nínú ìgò. Bó bá mu omi òkun torí òùngbẹ, á bì, á sì yàgbẹ́ gbuuru, inú ilé tó ní yàrá kan ṣoṣo ló sì máa yà á sí.

Ìgbà tó bá padà dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ajá kì í wọ yàrá. Bí òjò bá pa á, ó mọ ibi tí yóò ti gbọn ara rẹ̀, kò sì kan ẹnikẹ́ni. Nínú ọkọ̀ ilé, ibi tó ti máa gbọnra ni ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, àfi bí ẹ bá dá a dúró síta. Ìbòji aṣọ tó ń yọ lára ọkọ̀ wúlò fún èyí, bí atẹ́gùn kò bá le. Ẹ dẹ igun rẹ̀ kan wálẹ̀ kí omi má baà dá sí i, ẹ sì ká a kí ìjì tó dé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilé ní ẹ̀rọ ìwẹ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi ṣan iyọ̀ òkun àti iyanrìn kúrò ní ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀, torí iyọ̀ tó bá gbẹ mọ́ ara á tún máa fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, irun náà kò sì ní gbẹ tán láé. Kó gbọnra. Kó tún gbọnra lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ni aṣọ ìnura tó kàn: ẹ̀yìn kọ́kọ́, ikùn, abẹ́ apá, àlàfo ọmọ ìka, etí ní ìgbẹ̀yìn. Etí tí omi dá sí lára ajá tí etí rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ máa ń kẹ̀, á sì máa rùn.

Ajá bíi Labrador tàbí German Shepherd ní irun ìpele méjì, ti òkè le, ti abẹ́ rọ̀, ó sì ki. Irú wọn lè dà bíi pé wọ́n ti gbẹ, kí ẹ sì fi ọwọ́ ya irun náà kí omi yọ. Omi abẹ́ yìí ló ń wọ rọ́ọ̀gì àti bẹ́ẹ̀dì ní òru, òun náà ló sì ń fa òórùn tí gbogbo ẹni tó ní ajá mọ̀, torí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú irun máa ń tú òórùn wọn sílẹ̀ bí irun náà bá tutù. Ẹ̀wù òjò fún ajá lè dà bí àṣejù òyìnbó lójú ọ̀pọ̀ wa, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ rọrùn: irun tí òjò kò bá kàn, ẹ kò ní nù ún.

Bó ti wù kí ẹ nù ún tó, omi díẹ̀ ṣì máa bá a wọlé. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà rèé. Òtútù mú, òjò ń rọ̀, nítorí náà wọ́n ti gbogbo ihò pa, wọ́n tan iná. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gíláàsì ti ń làágùn bí ìgò mínírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì, omi ń ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ fèrèsé, abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì tutù, aṣọ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ ògiri sì ti fẹ́ẹ́ máa bu. Wọ́n á ní òrùlé ń jò. Òrùlé lè máa jò lóòótọ́, ó sì yẹ kí èèyàn yẹ gbogbo ojú ìsopọ̀ orí rẹ̀ wò kó tó gbéra nílé, torí omi tó bá wọ inú ògiri pákó á jẹ ẹ́ ní àjẹrà. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ará inú ọkọ̀ ló rọ òjò náà fúnra wọn.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe jọ ìwà wèrè: kí wọ́n ṣí ihò atẹ́gùn orí òrùlé díẹ̀, kí fáànù rẹ̀ máa fẹ́ síta, kí wọ́n ṣí fèrèsé kan ní ìka méjì níhà kejì, kí iná amúlégbóná sì máa jó lọ. Èèyàn á béèrè pé báwo ni afẹ́fẹ́ inú òjò ṣe máa gbẹ ilé. Afẹ́fẹ́ tútù kò lè gba omi púpọ̀. Bí ìta bá wà ní ìwọ̀n 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí òjò ń rọ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ti mu omi yó, gbogbo omi tó wà nínú mítà kúbíìkì kan rẹ̀ kò ju bíi gíráàmù 8 lọ. Inú ọkọ̀ tó wà ní ìwọ̀n 20 lè gba bíi gíráàmù 17. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ ìta tó wọlé tó sì móoru ṣì ní àyè tó ju ìlàjì lọ láti fa omi lára ajá, lára aṣọ, lára ògiri, kí fáànù tó gbé e jáde. Òjò lè máa rọ̀ lọ lórí rẹ̀. Ìṣirò náà kò yí padà.

Oríṣi iná tí ẹ ń tàn ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Gáàsì propane tó jó máa ń di èéfín àti omi: kílógíráàmù kan rẹ̀ á tú omi tó lé ní kílógíráàmù kan ààbọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rọ amúlégbóná tí wọ́n kọ́ mọ́ ọkọ̀ ń jó gáàsì nínú àpótí tó dé, ó sì ń tú omi àti èéfín náà síta, ooru gbígbẹ ló ń fún yín. Sítóòfù ìdáná kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo omi rẹ̀, inú ilé ni, àti afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, tó lè pa tọmọ tajá lójú oorun. Ẹ má fi sítóòfù yá iná láé, bí ẹ bá sì ń se ọbẹ̀, ẹ dé ìkòkò, kí fáànù ṣiṣẹ́. Ẹ rí i pé ẹ̀rọ tó ń ké bí afẹ́fẹ́ olóró náà bá pọ̀ wà nínú ọkọ̀, tí bátìrì rẹ̀ sì wà láàyè.

Bí ibi tí ẹ sùn sí bá ní òpó iná tí wáyà ọkọ̀ lè bọ̀, owó tí ẹ fi kún un kò ṣòfò. Amúlégbóná oníná kì í tú omi sílẹ̀ rárá, ẹ sì lè tan ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin. Kẹ́míkà funfun inú ike tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù fún iṣẹ́ kan náà wúlò nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kò lè bá ajá tó tutù figagbága. Ẹ máa gbé mátírẹ́ẹ̀sì dìde láràárọ̀ kí atẹ́gùn wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá ní yàrá tó ń yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gbá omi orí rẹ̀ kúrò kí ẹ tó fà á wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí àga ni yóò dà sí.

Ní ti ibi tí ẹ máa sùn, ọ̀pọ̀ ọgbà ìpínlẹ̀ ló ń ṣí jálẹ̀ ọdún: Fort Stevens lẹ́bàá Astoria, níbi tí egungun ọkọ̀ ojú omi Peter Iredale, tó há sórí iyanrìn lọ́dún 1906, ṣì wà, tí àwọn ajá sì ń tọ̀ sí i lára; Beverly Beach lẹ́bàá Newport; Jessie M. Honeyman lẹ́bàá Florence, níbi tí àwọn òkè iyanrìn wà. Ẹ yan ojú ilẹ̀ tí wọ́n da òkúta tàbí ọ̀dà sí, torí koríko tó ti mu omi fún oṣù méjì á gbé táyà yín mì. Igi ń gba atẹ́gùn dúró lóòótọ́, àmọ́ èmi kì í gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi spruce àgbà lálẹ́ ìjì. Ẹ̀ka rẹ̀ kì í kéde kó tó já.

Ọkọ̀ wíwà náà gba sùúrù. Ọkọ̀ ilé ga, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ ló sì yẹ ká bẹ̀rù ju omi ojú títì lọ. Ibi tó ti ń gbáni mú ni ibi tí ọ̀nà ti inú igbó yọ sórí afárá lẹ́ẹ̀kan náà. Conde McCullough ló ya àwòrán ọ̀pọ̀ nínú àwọn afárá ńlá ọ̀nà yìí. Lọ́dún 1936 ni ti Yaquina Bay ní Newport parí, àti ti Coos Bay tó ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin náà báyìí. Wọ́n rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ayé ìgbà náà ni wọ́n kọ́ wọn fún, ojú ọ̀nà wọn há. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó dé orí wọn. Òjò a tún máa mú ilẹ̀ ya. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2019, ilẹ̀ ya ní Hooskanaden, ní gúúsù Gold Beach, ó sì ba ọ̀nà 101 jẹ́ débi pé ọkọ̀ kò lè kọjá. Ẹ yẹ ojú-ewé TripCheck ti ìpínlẹ̀ náà wò láràárọ̀. Ajá ní tirẹ̀, inú kéèjì tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tàbí ìdè tó so mọ́ bẹ́líìtì ni kó wà nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Iwájú àga awakọ̀ kì í ṣe ibi tirẹ̀.

Ẹ ó rí pátákó aláwọ̀ búlúù káàkiri tó ń tọ́ka ọ̀nà orí òkè tí èèyàn máa sá gbà bí òkun bá ya bo ilẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1700, ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ òkun yìí, omi tó gbé dìde sì dé Japan, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀. Irú rẹ̀ tún lè ṣẹlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mì tí kò tètè dáwọ́ dúró, ẹ mú ajá lókùn, ẹ fi ẹsẹ̀ gun òkè, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀.

Ohun kan wà tí ajá lè gbé kúrò létíkun yìí tí aṣọ ìnura kò lè nù. Aràn kékeré kan ń gbé inú ìṣáwùrú odò ibẹ̀, ó ń kúrò níbẹ̀ bọ́ sára ẹja sámọ́ọ̀nù. Nínú aràn náà ni kòkòrò àìsàn mìíràn tún wà. Kì í mú èèyàn ṣàìsàn, kì í sì mú ológbò. Ajá ni ọ̀tá rẹ̀. Ajá tó bá jẹ sámọ́ọ̀nù tútù, ìbáà jẹ́ ìfun rẹ̀ tí apẹja kan dà sẹ́bàá odò, lè kó o, bí wọn kò bá sì tọ́jú rẹ̀, ó lè kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹja tí wọ́n sè jinná kò ní ewu yìí. Oògùn rẹ̀ wà, kò sì ṣọ̀wọ́n: oògùn apakòkòrò bíi doxycycline àti oògùn aràn. Àmì rẹ̀ kì í tètè yọ; ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó jẹ ẹja náà. Nígbà yẹn, ẹ lè ti padà dé ilé yín ní Houston tàbí Maryland. Bó bá kọ oúnjẹ, tí ara rẹ̀ gbóná, tó ń bì, tó ń yàgbẹ́, tí kókó ọrùn rẹ̀ sì wú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì kọ́kọ́ sọ fún un pé etíkun Oregon lẹ ti ń bọ̀, torí dókítà tí kò gbé ẹkùn náà lè má ronú kàn án.